Ọ̀pá Gígùn fún Ẹja Muskie: Ẹsẹ̀ Bàtà Mélòó Ló Tó?

Àbúrò mi kan tó ń gbé ní Brooklyn Park, nítòsí Minneapolis, pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan. Inú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ìpẹja ló wà, ọ̀pá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọlọ́jà gbọ́ tòun. "Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá mà ni wọ́n kọ sí i lára! Bí mo bá nà án ró, orí rẹ̀ á kan àjà ilé. Ṣé ẹja ni wọ́n fi ń pa ni, àbí gọ̀ǹgọ̀ tí wọ́n fi ń já ọsàn?" Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kó rọra dá a padà síbi tó ti mú un, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ká jọ sọ ọ́.

Ohun tí a sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ tẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín, torí kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń rú lójú. Láàárín bí ogún ọdún sí àkókò yìí, ọ̀pá tí wọ́n fi ń pa muskie ti kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà 7, ó dé 8, ó dé 9, àwọn kan sì ti bọ́ sí 10. Àwọn tó ń tà á ń sọ pé bó bá ṣe gùn tó ló ṣe dára tó. Àwọn àgbà tó ti ń pẹja tipẹ́ ní àṣejù ni, àti pé ẹni tó mọ ẹja í pa kò nílò igi òrùlé. Lójú tèmi, ibi tí àwọn méjèèjì ti ń jà kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ìdẹ ṣe ń lọ jìnnà tó ni wọ́n ń bá ara wọn fà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, níbi tí ìdẹ ti fẹ́ kúrò nínú omi, ni ìwúlò gígùn ọ̀pá wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹja tí à ń sọ. Muskie ni àgbà nínú ìdílé àwọn ẹja ẹlẹ́nu gbọọrọ tí ń gbé inú adágún àti odò Àríwá Amẹ́ríkà, láti Minnesota àti Wisconsin dé Michigan, Ontario àti odò St. Lawrence. Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni muskellunge. Ọ̀dọ̀ àwọn Ojibwe, àwọn onílẹ̀ agbègbè àwọn Adágún Ńlá, ni wọ́n ti yá orúkọ yìí. Maashkinoozhe ni àwọn ń pè é. Ara rẹ̀ gùn gbọọrọ bí ìtì igi, eyín rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Inú koríko omi ló máa ń lúgọ sí láìmira, àfi bí ẹni tó sùn, kó tó ta lu ohun tó fẹ́ jẹ. Wisconsin fi í ṣe ẹja àmì ìpínlẹ̀ wọn lọ́dún 1955. Ní ìlú Hayward ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, wọ́n kọ́ ère muskie kan tí gígùn rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà 140 sí ọgbà ilé ìtàn ìpẹja omi dídùn. Àwọn àlejò máa ń gba inú rẹ̀ gòkè lọ dúró láàárín eyín rẹ̀ láti ya fọ́tò.

Ní àdúgbò Hayward yìí náà ni àríyànjiyàn tó lókìkí jù nípa ẹja yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1949, Louie Spray mú muskie kan jáde tí wọ́n ní ó wọn pọ́n-ùn 69 àti áńsì 11. Lọ́dún yẹn kan náà, Cal Johnson mú tirẹ̀ tó wọn pọ́n-ùn 67 àti áńsì 8. Ilé ìtàn Hayward ń dì mọ́ ti Spray, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń ṣàkọsílẹ̀ ẹja, IGFA, ń dì mọ́ ti Johnson, wọn kò sì tíì parí ẹ̀ dòní. Minnesota ní tirẹ̀: pọ́n-ùn 54 ni ẹja tó di ipò kìíní mú láti ọdún 1957, àfi nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 2021 tí ẹnì kan fa èyí tó wọn pọ́n-ùn 55 àti áńsì 14.8 jáde ní adágún Mille Lacs.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ronú ìwúwo ẹja kó tó ra ọ̀pá ti sáré ṣíwájú ara rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pá muskie kì í ṣe kí ó gbé ẹja ńlá nìkan. Ẹja ẹgbàárùn-ún ìjù ni àwọn apẹja ń pè é, ìyẹn ni pé èèyàn lè ju ìdẹ ní ìgbà ẹgbàárùn-ún kó tó rí ọ̀kan ṣoṣo. Àsọdùn díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe irọ́. Èmi ti lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko lórí omi tí kò sí ohun tó kàn mí àfi oòrùn àti ẹ̀fọn. Ìdẹ tí à ń jù náà kì í ṣe kékeré: ó lè jẹ́ áńsì 3, ó lè jẹ́ 8, àwọn ìdẹ rọ́bà kan sì wà tó tó odindi pọ́n-ùn kan. Ọ̀pá tó dára ni ọ̀pá tí o ṣì lè fi jù ú ní agogo méje alẹ́ lẹ́yìn tí o ti bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà àárọ̀.

Àwọn baba tó kọ́kọ́ ń pa ẹja yìí kò mọ ọ̀pá gígùn rárá. Tiwọn kì í ju ẹsẹ̀ bàtà 5½ sí 6 lọ, ó nípọn, ó le, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní igi bílíádì. Èmi kì í bá wọn fi wọ́n ṣẹ̀sín, nítorí ohun tó bá ìgbà mu ni wọ́n ṣe. Fáíbà ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá nígbà náà, fáíbà sì wúwo. Bí o bá fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kún un, orí rẹ̀ á máa wolẹ̀ ṣáá. Okùn ìgbà yẹn ń fà bíi rọ́bà, nítorí náà ọ̀pá gbọ́dọ̀ le kí agbára lè dé ọ̀dọ̀ ìwọ̀. Pákó ni wọ́n sì fi ń gbẹ́ ìdẹ. Gbajúmọ̀ ni Suick, tí Frank Suick gbẹ́ ní Antigo, Wisconsin, láàárín ọdún 1930 sí 1939, wọ́n sì ń tà á títí di òní. Kò lè dá wẹ̀ fúnra rẹ̀: ìwọ lo máa fi ọ̀pá já a sísàlẹ̀, kó rì, kó tún rú jáde. Tí muskie bá sì ti gbá a mú, eyín rẹ̀ á wọ inú pákó, á dì í pinpin. O ní láti fi tagbáratagbára fa ìdẹ yẹn lẹ́nu rẹ̀ kí ìwọ̀ tó lè ráyè gún un. Ọ̀pá kúkúrú tó le ló lè ṣe èyí.

Lẹ́yìn náà ni ayé yí. Lọ́dún 1973, ilé iṣẹ́ Fenwick gbé ọ̀pá gíráfáìtì jáde, ó fúyẹ́, ó sì lágbára. Nígbà tó di bí ọdún 1990 sí 1999, okùn tí wọ́n ń hun bí irun dídì gba ọjà: kì í fà rárá, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì lè gbé pọ́n-ùn 80 tàbí 100. Bí okùn kò ti fà mọ́, ọ̀pá kò ní láti le bí irin mọ́, òun gan-an ló kù tó lè gba ẹrù ìjà ẹja. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni ìdẹ tún wá tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn ìdẹ rọ́bà ńlá dé. Bucktail tó ní irin pẹlẹbẹ ńlá méjì dé, àwọn irin náà á máa yí bíríbírí níwájú ìrùkẹ̀rẹ̀ tínríntínrín. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fi ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 6 ju irú nǹkan bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Báyìí ni ọ̀pá ṣe ń gùn lọ, kì í ṣe pé ẹnì kan jókòó pinnu rẹ̀.

Ó wá ku ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ibi tí mo ní ọ̀rọ̀ wà.

Muskie ní ìwà kan tí ọ̀pọ̀ ẹja kò ní. Ó máa ń tẹ̀lé ìdẹ láti ọ̀nà jíjìn láìgbé e, tìtorí pé ó ń wò ó tàbí pé ó ń ṣiyèméjì, àwa ò mọ̀. Ìwọ ń wọ́ ìdẹ bọ̀, o ti fẹ́ fà á jáde láti tún un jù, ni o bá rí òjìji aláwọ̀ ewé kan lẹ́yìn rẹ̀, tó gùn bí pátákó ìjókòó. Bí o bá fa ìdẹ jáde báyìí, ó parí, ó ti lọ nìyẹn. Ohun tó kù láti ṣe ni kí o ki ṣóńṣó ọ̀pá bọ inú omi, kí okùn tó kù níta má ju bí ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, kí o sì máa fi ìdẹ ya nọ́ńbà 8 ńlá kan nínú omi létí ọkọ̀, láìdúró, láìfi ìbẹ̀rù já a. Muskie á máa yí tẹ̀lé e. Nígbà mìíràn á yí lẹ́ẹ̀kan, á yí lẹ́ẹ̀kejì, ojú rẹ̀ á hàn kedere, ẹnu rẹ̀ á là díẹ̀, ìdí rẹ̀ á gbọ̀n pẹ̀ẹ́. Àyà rẹ á máa lù kìkì. Àìmọye muskie ló jẹ́ pé níbẹ̀ yẹn, ní ìwọ̀n ọ̀pá kan sí bàtà apẹja, ni wọ́n ti gbé ìdẹ mì.

Ibi yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ bàtà kan ti ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Mo fi bébà ṣírò rẹ̀ fún àbúrò mi. Ká ní ọ̀pá méjì ló wà, ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 7, èkejì gùn ní 8½, ibi ìdìmú tó wà lẹ́yìn ríìlì tí okùn wé mọ́ sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1½ lára méjèèjì. Ohun tó kù níwájú ọwọ́ rẹ jẹ́ 5½ lára ti àkọ́kọ́, 7 lára ìkejì. O bẹ̀rẹ̀ létí ọkọ̀, ọwọ́ rẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 ga ju omi lọ. Bí o bá ki ṣóńṣó ọ̀pá bọ omi ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ọ̀pá kúkúrú á nà kúrò lọ́dọ̀ rẹ ní bí ẹsẹ̀ bàtà 3¾, ọ̀pá gígùn á nà dé 5¾. Ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tó tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ẹja ńlá kì í fẹ́ gòkè. O ní láti ki ṣóńṣó bọ ìsàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Ọ̀pá kúkúrú kò wá lè nà ju bí 2¼ lọ mọ́, ti gígùn ṣì ń nà dé nǹkan bíi 5. Ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ péré ni a fi kún ọ̀pá, àyè tí ìdẹ ní láti yí ti ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹja tí gígùn rẹ̀ lé ní ẹsẹ̀ bàtà 4 kò sì lè yí nínú kọ̀rọ̀ tí kò ju bí ìdajì ara rẹ̀ lọ. Yóò pàdánù ìdẹ lójú, tàbí kí ó fi ara gbá ọkọ̀, kí ó sì lọ.

Àbúrò mi ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí mi ò fi ra ti mẹ́wàá náà?" Ìṣirò kan náà ló dá a lóhùn. Ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 10 sábà máa ń ní ìdìmú tó tó ẹsẹ̀ bàtà 2 lẹ́yìn ríìlì, torí láìsí bẹ́ẹ̀ ọwọ́ kò ní lè gbé e. Níwájú ọwọ́, 8 ló kù. Ní ìsàlẹ̀ omi kan náà, ó ń nà dé bíi 6¼. Láti 7 sí 8½, o jèrè ju ẹsẹ̀ bàtà 2½ lọ. Láti 8½ sí 10, o jèrè 1¼. Ìdajì èrè ni, ṣùgbọ́n ìyà tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ìdajì.

Ìyà wo? Èkíní, ẹja náà mọ̀ ọ́n lò. Ọ̀pá jẹ́ ohun tí a fi ń yẹ nǹkan, bíi ti ọ̀pá tí a fi ń yẹ òkúta kúrò nílẹ̀, àfi pé níhìn-ín, apá tó gùn wà lọ́wọ́ ẹja, apá kúkúrú ló wà lọ́wọ́ rẹ. Bí ohun tó wà níwájú ọwọ́ rẹ bá kúrò ní 5½ di 7, ẹrù tí ọwọ́ rẹ ń gbé á fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹja kan náà ni, tó ń fà bákan náà. Ẹni tó bá ti gbá ọ̀pá 10 mú pẹ̀lú ẹja gidi nídìí rẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ; ìgúnpá á máa gbọ̀n. Èkejì, nígbà tí ẹja bá fẹ́ wọ àwọ̀n, ó ti jìnnà sí ọ ní gígùn ọ̀pá náà àti gígùn okùn tó kù. Bí ẹlòmíràn bá wà tó ń mú àwọ̀n, kò burú. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan lo wà lórí omi, o ní láti fi ọwọ́ kan gbé ọ̀pá sẹ́yìn orí rẹ bí ẹni tó fẹ́ so aṣọ kọ́ okùn, kí o wá fi ọwọ́ kejì na àwọ̀n. Mo ti rí ọkùnrin kan tó ṣe bẹ́ẹ̀ tó fi ìdí jókòó sínú omi.

Ẹ̀kẹta ni ibi tí wàá kó o sí. Mo ra ọ̀pá ẹsẹ̀ bàtà 9 aláìṣeéká kan nígbà kan láìbi ẹnikẹ́ni. Mo gbé e délé kí n tó rántí pé àpótí ọ̀pá inú ọkọ̀ mi kò gbà á. Mo wá ń fi orí rẹ̀ yọ síta lẹ́yìn mọ́tò, mo so aṣọ pupa mọ́ ọn bí àwọn tó ń ru pákó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èmi fúnra mi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Íǹṣì márùn-ún ló ké kúrò ní ṣóńṣó rẹ̀. Mo ṣì ní i nílé. Ewé ni mo fi ń gbá kúrò lórí òrùlé gáréèjì.

Nítorí ìṣòro yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀pá gígùn òde òní ṣe máa ń wọ inú ara wọn: ìsàlẹ̀ rẹ̀ á yọ́ wọ inú ìdìmú, ọ̀pá 9 á sì di bí 7½ tàbí 8 tí wọ́n lè pa mọ́. Àwọn àgbà kò fẹ́ràn ibi ìsopọ̀ yìí, wọ́n ní ó ń mì, àti pé ó ń jẹ́ kí ọwọ́ má gbọ́ ohun tí ìdẹ ń ṣe. Ìyẹn jẹ́ òtítọ́ nígbà kan. Àwọn tuntun tí mo ti lò kò mì, bí mo bá ti rántí nu iyẹ̀pẹ̀ kúrò níbi ìsopọ̀ kí n tó tì í. Bí o bá ń gbé inú ilé àdágbé tàbí o ń gbé ọ̀pá nínú mọ́tò kékeré, èyí ni kí o rà, má dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ohun tó kan gígùn mọ́ ìdẹ tún wà. Ìdẹ méjì tó wọn ìwúwo kan náà lè má fẹ́ ọ̀pá kan náà. Bucktail onírin méjì tí mo sọ kò wúwo púpọ̀ lọ́wọ́, bí áńsì 3 ni, ṣùgbọ́n nínú omi àwọn irin yẹn ń fà bí ẹni tí ń wọ́ agbọ̀n. Ọ̀pá gígùn tó ń tẹ̀ dáadáa láti àárín ló tù ú lára, ìyẹn 8½ tàbí 9, nítorí gbogbo ara ọ̀pá á jọ gba ìfà náà. Ìdẹ rọ́bà tó tó áńsì 8 sókè yàtọ̀: jíjù rẹ̀ ni ìṣòro. A kì í jù ú bí òkúta. Ọwọ́ méjèèjì ni, kí o rọra yí i sẹ́yìn, kí o jẹ́ kí ìwúwo ìdẹ tẹ ọ̀pá, kí o sì rán an lọ. Ọ̀pá 9 ń ṣe é ju 8 lọ. Bí ọ̀pá bá ti le jù, okùn lè já, ìdẹ á lọ láì dágbére.

Ìdẹ pákó ńkọ́, àwọn ọmọ Suick? Níhìn-ín ni mo ti gbè sẹ́yìn àwọn àgbà. Jíjá tí à ń já a, sísàlẹ̀ ni, ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. Bí ọ̀pá bá gùn jù, ṣóńṣó rẹ̀ á máa gbá omi ṣáá, á sì máa dí ìdẹ lọ́wọ́. Ẹni tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6 lè fi ọ̀pá 8 ṣe é. Ẹni tó ga tó 5 àti íǹṣì 4, bíi tèmi, 7½ ni kó mọ. Àwọn tó ń tà á kì í sábà bi èèyàn ní gíga rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gíga apẹja àti gíga ibi tó dúró sí lórí ọkọ̀ ṣe pàtàkì ju ohunkóhun tí wọ́n kọ sára páálí lọ. Ẹni tó ń pẹja nínú ọkọ̀ àjẹ̀ kékeré, tó jókòó sún mọ́ omi, kò ní nǹkan í fi ọ̀pá 9 ṣe. Ẹni tó wà nínú odò tóóró tí ẹ̀ka igi bò lórí náà kò ní.

Fífi ọkọ̀ wọ́ ìdẹ kiri jẹ́ ẹ̀ka mìíràn, mi ò sì fẹ́ pẹ́ níbẹ̀ nítorí kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ràn. Ní Green Bay, ní Lake St. Clair àti ní odò St. Lawrence, wọ́n máa ń to ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ bí apá aláǹtakùn: èyí tó gùn, 9 tàbí 10, á nà sí ọ̀tún àti òsì kí okùn má bàa lọ́ pọ̀, kúkúrú á wà lẹ́yìn nítòsí ẹ́ńjìnnì. Níbẹ̀, inú ihò ìdúró rẹ̀ ni ọ̀pá ń wà, kò sẹ́ni tí ọwọ́ ń ro, nítorí náà 10 kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí o sì ka òfin ìpínlẹ̀ tí o wà: Wisconsin gba okùn mẹ́ta láyè fún ẹnì kan, Minnesota gba ẹyọ kan ní ọ̀pọ̀ jù lọ ibi nígbà tí omi kò bá dì.

Nípa àwọn àmì tí wọ́n ń kọ sára ọ̀pá, lókè ibi ìdìmú díẹ̀: H, XH àti XXH ń sọ bó ṣe lágbára tó. Fast ń sọ pé òkè ló ti ń tẹ̀, Moderate ń sọ pé àárín ló ti ń tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń da méjèèjì pọ̀. Wọ́n á ra ọ̀pá tó le láti òkè délẹ̀, wọ́n á rò pé agbára ni wọ́n rà. Èyí tó yẹ kí o wò jù ni ìwọ̀n ìdẹ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní áńsì. Bí ó bá ní 3 sí 8, má ju odindi pọ́n-ùn kan sí i. Owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí $100, ó lè lé ní $500. Èyí tó wà láàárín tó ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe pé ìpẹja ló fi ń jẹun.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń polówó ọ̀pá kì í sọ. Ní Minnesota, ẹja muskie tí kò bá tó íǹṣì 54 kò ṣeé mú lọ sílé ní ọ̀pọ̀ jù lọ omi, nítorí náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo èyí tí o bá mú ni wàá dá padà sínú omi. Ìyá mi kò gbà á gbọ́ lórí fóònù. "O jí lóru, o na ọ̀pá látàárọ̀, o mú ẹja tó tó ọmọ ọdún mẹ́ta, o wá dá a padà?" Ẹgbẹ́ Muskies, Inc., tí Gil Hamm dá sílẹ̀ ní Minnesota lọ́dún 1966, wà lára àwọn tó tan àṣà yìí ká. Muskie máa ń pẹ́ kó tó dàgbà, ẹja tó bá sì jà pẹ́ jù máa ń rẹ̀ ẹ́ dé ojú ikú, pàápàá bí omi bá ti gbóná tó 80°F. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ra ọ̀pá tó gùn, má ra èyí tó rọ̀ jù. Ọ̀pá 9 tí agbára rẹ̀ jẹ́ XH á mú ẹja wá kíákíá. Ọ̀pá 9 tó rọ̀ bí igi àtòrì á jẹ́ kó máa yí ọ ká fún ogún ìṣẹ́jú, wàá wá tú òkú sílẹ̀. Èmú gígùn, ohun tí a fi ń gé ìwọ̀ àti àwọ̀n tó fẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ kí ọ̀pá tó wọ̀ ọ́.

Bí ẹnì kan bá wá di ọwọ́ mi mú pé ẹyọ kan ṣoṣo ni òun fẹ́ rà, 8½ XH tó ń tẹ̀ díẹ̀ sí àárín ni mo máa ní kó rà, ní gbogbo omi láti Mille Lacs dé Lake St. Clair. Ẹni tó bá fẹ́ràn bucktail ńlá lórí omi gbalasa, 9 ni kó mú. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìdẹ pákó, 7½ ni kó wá, kó má sì tijú. Ti 10, kí ó wà fún ẹni tó ga, tó ní apá, tó ní ẹni tó ń bá a mú àwọ̀n, tó sì mọ ìdí tó fi ń rà á.

Kí o tó sanwó, mú téèpù, wọ inú ọkọ̀ rẹ, wọn àpótí ọ̀pá láti ògiri dé ògiri. Àbúrò mi wọn tirẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì: ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 8 ni. Ọ̀pá 8½ ló rà.